Bí ilé-iṣẹ́ tó ta ilẹ̀ fún yín l'Abẹ́òkúta bá ń fi ìforúkọsílẹ̀ ìwé falẹ̀: ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀

Ẹni tó ti sanwó ilẹ̀ tán, tó gba ríṣíìtì, tí wọ́n sì ti fi púlọ́ọ̀tì rẹ̀ hàn án, àmọ́ tí kò tíì gba díìdì (ìwé òfin tó ń gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó tà á sí ọwọ́ ẹni tó rà á) tó ní àmì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, owó rẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ ọ̀hún kò sì tíì di tirẹ̀ tán. Lójú ìwé ìjọba, ilé-iṣẹ́ tó tà á ló ṣì ni ín. Wọ́n lè fi í yáwó ní báńkì. Wọ́n lè tún un tà fún ẹlòmíì. Ilé-iṣẹ́ náà lè wọ gbèsè, kí ó sì kógbá sílé. Nítorí náà, “ẹ fọkàn balẹ̀, a ti ń bá a lọ” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ènìyàn jókòó tì láti ọdún dé ọdún.

Ohun kan ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ́ sẹ́nu ọ̀ràn yìí: wọ́n ń bẹ ilé-iṣẹ́ náà pé kí ó “bá wọn ṣe ìwé”. Ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Ẹ béèrè ìwé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ-orúkọ, kí ẹ sì dá ọjọ́. Bí wọ́n bá kó àwọn ìwé náà fún yín, ẹ̀yin àti lọ́yà yín lè gbé fáìlì lọ sí Òkè-Mosàn, níbi tí ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, fúnra yín. Bí wọn kò bá lè kó o sílẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìfàfalẹ̀: ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ní ohun tí wọ́n tà lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀ láti ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ibi tí ìwé ń gbà kọjá

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 22 sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láìgba ìfọwọ́sí gómìnà, abala 26 sì sọ pé ohun tí a bá ṣe lòdì sí òfin yìí, òfo ni. Bí ẹ̀sítéètì bá ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni) kan ṣoṣo lórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, púlọ́ọ̀tì yín máa yọ jáde lára C of O ìyá yìí ni. Lọ́yà á kọ díìdì, ilé-iṣẹ́ á buwọ́ lù ú, ẹ̀yin náà á buwọ́ lù ú. Wọ́n á kọ̀wé béèrè ìfọwọ́sí gómìnà, ìjọba á díye lé ilẹ̀, á sì fún yín ní ìwé iye tí ẹ máa san. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti san án, wọ́n á kọ ìfọwọ́sí sára díìdì, ẹ ó san owó sítáǹpù, lẹ́yìn náà ni réjísírì, ọ́fíìsì tí ìjọba ti ń forúkọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀, á gbà á wọlé, á sì fún un ní nọ́ńbà. Níbi tí ilé-iṣẹ́ bá wà nínú àdéhùn, ìjọba àpapọ̀ ló ń gba owó sítáǹpù, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Àìmọ èyí ń dá fáìlì púpọ̀ padà.

Àwáwí kan wọ́pọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà: “A ò lè buwọ́ lu díìdì títí gómìnà á fi fọwọ́ sí i.” Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 22 fúnra rẹ̀ fàyè gba kí gómìnà béèrè ìwé tí ẹ ti buwọ́ lù, kí ó lè kọ ìfọwọ́sí rẹ̀ sára rẹ̀. Lọ́dún 1995, nínú ẹjọ́ Awojugbagbe Light Industries àti Chinukwe, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣàlàyé pé àdéhùn tí a buwọ́ lù kí ìfọwọ́sí tó dé kò bàjẹ́. Kò tíì pé ni, ìfọwọ́sí ló máa mú un pé. Nínú ẹjọ́ Ugochukwu àti Co-operative and Commerce Bank (1996), ilé-ẹjọ́ kan náà sọ pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ló ní ojúṣe láti béèrè ìfọwọ́sí náà. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ tó tà á fún yín ni ẹrù yìí wà lọ́rùn rẹ̀. Yàtọ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ àdéhùn kọ nìyẹn. Ẹ ka tiyín kí ẹ tó bínú.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dá ìwé dúró

Ẹ má pinnu pé ẹjọ́ ló kàn kí ẹ tó ṣe ìwádìí tí a fẹ́ sọ yìí. Ó ń gba owó díẹ̀, ó sì ń gbani lọ́wọ́ àṣìṣe ńlá.

Ẹ gba nọ́ńbà C of O ìyá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, tàbí kí ẹ wá a nínú àdéhùn yín. Ó sábà máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ̀wé sí réjísírì ilẹ̀ ní Òkè-Mosàn láti yẹ fáìlì náà wò. Kí ó wò ó bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ló wà níbẹ̀, bóyá báńkì ti fọwọ́ lé e nítorí owó tí ilé-iṣẹ́ fi í yá, àti bóyá wọ́n ti forúkọ púlọ́ọ̀tì yín sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ìkejì, ẹ mú sọ́fè yín lọ sí ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ kí wọ́n bá yín gbé e lé máàpù. Ẹ wo sọ́fè náà fínní-fínní kí ẹ tó lọ: nọ́ńbà ọ̀pá igun kọ̀ọ̀kan, ìlà-jíjìn láàárín ọ̀pá sí ọ̀pá, nọ́ńbà ipò ilẹ̀, orúkọ àti òǹtẹ̀ sọ́fèyọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí nọ́ńbà ọ̀pá tó wà lórí ìwé kò bá bá èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá kọnkéré lórí ilẹ̀ mu, sọ́fè ilẹ̀ míì lẹ mú lọ́wọ́. Lórí máàpù ni ẹ máa ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. Lọ́nà Kọ́bapẹ́ àti Siun, níbi tí ẹ̀sítéètì ti ń hù lójoojúmọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ìbéèrè yìí.

Ìkẹta, ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Orúkọ tó wà lórí pátákó lè jẹ́ orúkọ òwò lásán, kí kọ́ńpìnnì tó buwọ́ lu àdéhùn jẹ́ òmíràn. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú RC ni ti kọ́ńpìnnì, BN ni ti orúkọ òwò. Ẹjọ́ tí ẹ bá pe lórúkọ tí kò tọ́ lè já sófo.

Ohun tí ẹ bá rí ló máa sọ ìgbésẹ̀ tó kàn.

Bí wọ́n bá ní fáìlì ti wà ní Òkè-Mosàn, ẹ béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí ìjọba fi òǹtẹ̀ gbà, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì. Fáìlì tí kò ní nọ́ńbà kò sí níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ìwé iye tí ìjọba ní kí ẹ san pẹ̀lú, nítorí nígbà míì ìwé yẹn ti jáde, ilé-iṣẹ́ ni kò fi jíṣẹ́ fún yín.

Bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ owó ilẹ̀ ọdọọdún, tàbí tí owó-orí rẹ̀ kò pé, fáìlì yín kò ní rìn. Gbèsè tó wà lára C of O ìyá lè dá púlọ́ọ̀tì kékeré yín dúró bí ẹ̀yin fúnra yín kò tilẹ̀ jẹ kọ́bọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ̀yin olùrà parapọ̀ fún wọn ní ọjọ́ láti san án. Àwọn míì máa ń bá wọn san ín, kí wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó tí wọ́n ṣì jẹ ilé-iṣẹ́. Ẹ má ṣe èyí láìsí àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù.

Bí pínpín púlọ́ọ̀tì ẹ̀sítéètì kò bá tíì gba ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú, púlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní “Block C, Plot 14” wà lórí ìwé ilé-iṣẹ́ nìkan. Nígbà tí ìfọwọ́sí bá dé, ọ̀nà lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé bí púlọ́ọ̀tì bá yí, ẹ fẹ́ èyí tó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n àti ní ipò.

Bí báńkì bá ti fọwọ́ lé C of O, ẹ nílò ìwé ìtúsílẹ̀ báńkì. Èyí kì í yá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ẹ̀yìn ìlú Abẹ́òkúta ni pé ilé-iṣẹ́ kò ní C of O rárá, ríṣíìtì ẹbí ló ní. Ní òfin ilẹ̀ ẹbí, bí àwọn àgbà ẹbí bá tà láìsí olórí ẹbí, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà, àwọn tó kù lè gbé e wó ní ilé-ẹjọ́. Nítorí náà, ẹ béèrè díìdì tí ẹbí fún ilé-iṣẹ́, kí ẹ ka orúkọ àwọn tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì wádìí lọ́dọ̀ ẹbí bóyá wọ́n ti san tán. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣì jẹ ẹbí, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè padà wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ọ̀nà àbáyọ lè wà: kí ẹ fi díìdì ẹbí sí ilé-iṣẹ́ àti díìdì ilé-iṣẹ́ sí yín béèrè C of O tiyín. Lọ́yà tó mọ Òkè-Mosàn ló yẹ kó bá yín ṣe èyí, kì í ṣe alágbàtà tó ta ilẹ̀.

Bí máàpù bá sì fi hàn pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ kan, kò sí lẹ́tà tí ẹ lè kọ sí ilé-iṣẹ́ tó máa mú díìdì jáde. Ẹ fò dé ibi tí a ti sọ̀rọ̀ nípa gbígba owó padà.

Ìwé tí ẹ máa kó jọ

Ríṣíìtì gbogbo, àdéhùn tí ẹ buwọ́ lù, lẹ́tà ìpín púlọ́ọ̀tì, sọ́fè, àti ìwé àkáǹtì báńkì tó fi owó tí ẹ fi ránṣẹ́ hàn. Ríṣíìtì owó díìdì àti owó sọ́fè ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Ilé-iṣẹ́ tó gba owó díìdì lọ́wọ́ yín lọ́tọ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun gbà láti fún yín ní díìdì. Kò lè yí padà wí pé owó ilẹ̀ nìkan lòun gbà.

Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ jáde àti bí ẹ ṣe ń lò ó kí ilé-ẹjọ́ tó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán ojú fóònù tí ẹ ya lásán, láìsí ìwé yìí, lọ́yà ilé-iṣẹ́ máa tako o. Bí ẹ bá ti ń gba ìlérí lórí fóònù, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sí wọn kíákíá: “Ẹ ṣeun sà, bí a ṣe sọ lónìí, ẹ ní díìdì á jáde ní ìparí oṣù karùn-ún.” Bí wọn kò bá tako o, ẹ̀rí lẹ ti ní.

Lẹ́tà tó ń béèrè ìwé

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí àdéhùn yín kò bá dá ọjọ́ fún díìdì, òfin gbà pé kí wọ́n ṣe é láàárín àkókò tó bójú mu. Lẹ́tà yín ló máa sọ àkókò náà di ọjọ́ kan pàtó, tó jẹ́ pé bí ó bá kọjá, wọ́n ti ṣẹ̀ sí àdéhùn. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ lórí ìwé rẹ̀, kí ó sì béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí:

– díìdì tí ilé-iṣẹ́ ti buwọ́ lù, ẹ̀dà mẹ́rin ó kéré tán, tí olùdarí 2 tàbí olùdarí 1 àti akọ̀wé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí;
– ìwé ìbéèrè ìfọwọ́sí gómìnà, níbi tí ẹni tó ni C of O ti buwọ́ lùwé;
– ẹ̀dà C of O ìyá tí réjísírì ti jẹ́rìí sí;
– sọ́fè púlọ́ọ̀tì yín, pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ̀dà rẹ̀ ti wọ ọ́fíìsì Sọ́fèyọ̀ Àgbà;
– ìwé ẹ̀rí owó-orí ilé-iṣẹ́ fún ọdún 3 àti ríṣíìtì owó ilẹ̀ ọdọọdún;
– ẹ̀dà ètò púlọ́ọ̀tì tí ìjọba fọwọ́ sí.

Nínú ara lẹ́tà náà, kí ó wà kedere pé: “Oníbàárà wa ti san gbogbo owó ilẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, ó sì ti san owó díìdì ní ọjọ́ báyìí. Ó ti múra tán láti san owó ìfọwọ́sí tí ìjọba bá bù lé e. Ẹ kó àwọn ìwé tí a kọ sókè yìí fún wa láàárín ọjọ́ 21 tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Ọjọ́ náà ṣe kókó nínú àdéhùn yìí. Bí ó bá kọjá, oníbàárà wa á gba ilé-ẹjọ́ lọ láti fi ipá mú àdéhùn ṣẹ, tàbí láti gba owó rẹ̀ padà pẹ̀lú owó ìtanràn.” Gbólóhùn “ó ti múra tán láti san” kì í ṣe ẹ̀wà ọ̀rọ̀. Ilé-ẹjọ́ kì í fi ipá mú àdéhùn ṣẹ fún ẹni tí ọwọ́ tirẹ̀ kò mọ́. Bí ẹ bá ṣì jẹ owó ìdàgbàsókè ẹ̀sítéètì, ẹ yanjú rẹ̀ ná. Bí ẹ bá rò pé owó náà kò tọ́, ẹ san án pẹ̀lú lẹ́tà pé ẹ ń san án láì gbà pé ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà yín. Ẹ fi ẹ̀dà kejì rán ilé-iṣẹ́ tó ń kó lẹ́tà (kúríà) sí àdírẹ́sì tó wà ní CAC, nítorí ọ́fíìsì títà ní Ìbarà tàbí Òkè-Ìlèwó lè ti kó lọ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan wà tí ó yẹ kí lọ́yà yín dábàá níbí: pé ilé-iṣẹ́ kò ní láti rìn ìrìn kankan. Kí ó buwọ́ lu díìdì àti ìwé ìbéèrè, kí ó sì fún lọ́yà yín ní ìwé agbára (power of attorney) láti tọ fáìlì náà lẹ́yìn ní Òkè-Mosàn. Ìwé agbára yìí kò gbé ilẹ̀ fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í dípò díìdì. Agbára láti ṣiṣẹ́ lórúkọ wọn nìkan ló jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ àìní òṣìṣẹ́ tàbí ìmẹ́lẹ́ lásán máa ń gbà á. Èyí tó bá kọ̀ ọ́, ẹ máa ṣọ́ra sí i.

Ẹ dáàbò bo ilẹ̀ náà báyìí

Ẹ má dúró de díìdì kí ẹ tó mú ilẹ̀ yín dání. Lójú òfin, ẹni tó ti sanwó tán tó sì ti wọ orí ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan tó lágbára. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn náà, tó rí i pé ẹlòmíì ti wà níbẹ̀, kò lè wí pé òun kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ mọ ọgbà yí i ká tàbí kí ẹ gbé búlọ́ọ̀kù igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ẹ máa ro igbó rẹ̀, kí ẹ fi pátákó sí i. Ẹ ya fọ́tò tó fi ọjọ́ hàn. Bí àdéhùn yín bá ní kí ẹ má kọ́ nǹkan kan láìgba ìyọ̀ǹda, ẹ kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ ná.

Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà kọ̀wé ìkìlọ̀ sí réjísírì, pẹ̀lú ìwé ìbúra yín àti ẹ̀dà ríṣíìtì, pé ẹ ní ẹ̀tọ́ lórí púlọ́ọ̀tì yìí, kí wọ́n má forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì láì sọ fún yín. Ìwé yìí kì í ṣe C of O, kò sì sọ yín di onílẹ̀. Àmọ́ ó ń fi ohùn yín sínú fáìlì. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ gbà.

Bí àwọn jàǹdùkú bá sì wá gbógun tì yín lórí ilẹ̀, ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tó ka fífi ipá gba ilẹ̀ léèwọ̀ láti ọdún 2016. Ẹ má lọ gba ajagungbalẹ̀ tiyín. Ẹ̀yin náà máa bọ́ sábẹ́ òfin ọ̀hún.

Ìlàjà

Ẹ wo ìparí àdéhùn yín bóyá ó ní abala ìdájọ́ onílàjà (arbitration), tó ní kí ẹnì kan tí ẹ jọ yàn dá ẹjọ́ yín dípò ilé-ẹjọ́. Bí ó bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì sá lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ lè fi Òfin Ìdájọ́ Onílàjà àti Ìlàjà ti 2023 dá ẹjọ́ yín dúró. Ẹ béèrè onílàjà ní kíkọ.

Bí kò bá sí i, ìlàjà ṣì dára níbi tí ilé-iṣẹ́ ní C of O tó mọ́, tó kàn jẹ́ pé ó ń fà á. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú ni ìwé tí àwọn méjèèjì buwọ́ lù, tó ní ọjọ́ fún ìwé kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n máa san bí ọjọ́ bá kọjá. Ìlàjà tó parí pẹ̀lú ìbọwọ́ lásán tún dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ tún lè kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà. Òfin tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2018 sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó parí ní àsìkò, àti sí ìfitónilétí bí ìdádúró bá fẹ́ wà. Ẹ so lẹ́tà 21 ọjọ́ yẹn mọ́ ẹ̀sùn náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ ọmọ REDAN, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ ilé tí wọ́n sì ń ta ilẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀; àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ṣọ́ orúkọ wọn níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ilé-ẹjọ́

Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ló ń gbọ́ ọ. Abala 39 Òfin Lílo Ilẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ pè é ní kóòtù májísíréètì ń fi àkókò yín ṣòfò. Ní Abẹ́òkúta, ọgbà ilé-ẹjọ́ ní ọ̀nà Kọ́bapẹ́ ni.

Ohun tí ẹ máa béèrè, ẹ tò ó báyìí: kí ilé-ẹjọ́ pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ láti mú àdéhùn ṣẹ, ìyẹn ni láti buwọ́ lu díìdì, láti béèrè ìfọwọ́sí gómìnà, àti láti kó gbogbo ìwé tó kù fún yín, kí akọ̀wé ilé-ẹjọ́ buwọ́ lù ú dípò ilé-iṣẹ́ bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n san owó ìtanràn fún ìdádúró, kí wọ́n má ta ilẹ̀ náà tàbí fi í yáwó títí ẹjọ́ á fi parí, bí kò bá sì ṣeé ṣe mọ́ láti gbé ilẹ̀ yìí fún yín, kí wọ́n dá owó yín padà pẹ̀lú èlé àti ìtanràn. Ẹ má gbàgbé ti akọ̀wé ilé-ẹjọ́ yẹn. Láìsí i, ẹ lè jáwé olúborí kí ẹ sì tún máa lé olùdarí kan kiri láti buwọ́ lùwé.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá pe ẹjọ́, kí lọ́yà ti mú ìbéèrè fún àṣẹ ìdádúró dání, kí ó sì kọ̀wé sí réjísírì ilẹ̀ pé ẹjọ́ ti wà. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ẹjọ́, ìdájọ́ ẹjọ́ náà máa dè é.

Bí ẹ̀yin púpọ̀ bá wà ní ẹ̀sítéètì kan náà tí ìṣòro yín sì jọ ara wọn, ẹ lè yan àwọn kan ṣojú ẹ̀yin yòókù. Owó lọ́yà á fúyẹ́. Àmọ́ ẹ yọ àwọn tó ṣì jẹ owó ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n máa di ihò tí ilé-iṣẹ́ gbà sá jáde.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹjọ́ àdéhùn ní ọdún 6 láti ìgbà tí wọ́n ti ṣẹ̀ sí i, ìlérí ẹnu kò sì dá aago náà dúró. Ẹni tó sanwó tán lọ́dún 2019, tó ṣì ń gbọ́ “oṣù tó ń bọ̀”, kí ó rí lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká lọ́yà lè béèrè lọ́dọ̀ Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn aláìní ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́, bóyá ó bọ́ sínú àwọn tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́.

Bí owó padà ló kù

Ibí ni ilé-iṣẹ́ ti ń mú àwọn olùrà jù. Ọ̀pọ̀ àdéhùn ní abala tó sọ pé bí olùrà bá fẹ́ padà lẹ́yìn, wọ́n á yọ ìpín kan nínú owó rẹ̀, á sì dúró fún oṣù púpọ̀. Abala yẹn wà fún ẹni tó yí ọkàn rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Kò kan ẹni tí ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀ sí àdéhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn, fọ́ọ̀mù tí wọ́n á nà sí yín ni “ìbéèrè ìdápadà owó”, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jáwọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má buwọ́ lù ú. Kí lọ́yà kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ló kùnà, pé nítorí ìkùnà náà ni ẹ fi fòpin sí àdéhùn, kí ó sì béèrè gbogbo owó, tó fi mọ́ owó díìdì, sọ́fè àti ìdàgbàsókè.

Ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó yan owó. Iye tí ẹ san lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn lè máà ra ìdajì púlọ́ọ̀tì mọ́ ní Ọbàntòkò tàbí Àdìgbẹ lónìí. Bí C of O bá mọ́ tí ilẹ̀ sì wà, ilẹ̀ ni kí ẹ di mú, kí ẹ ní sùúrù fún ẹjọ́. Owó ni kí ẹ béèrè níbi tí ilẹ̀ kò ti sí láti fúnni: ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ tí ẹbí kò tà, ilẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ọlọ́pàá àti EFCC

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Ìdádúró díìdì, ẹjọ́ àárín ara ẹni ni. Owó tí ẹ bá ná ní Ẹlẹ́wẹ́ẹ̀ràn, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, láti fi ẹ̀rù ba olùdarí lè padà di ẹjọ́ lọ́rùn yín.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ìwádìí yín ní Òkè-Mosàn bá fi hàn pé wọ́n mọ̀ nígbà tí wọ́n ń tà pé ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn, pé nọ́ńbà C of O tí wọ́n fi hàn yín kò sí, tàbí pé wọ́n ta púlọ́ọ̀tì kan fún ènìyàn méjì. Ìyẹn ni fífi irọ́ gba owó, òfin 2006 lórí rẹ̀ sì ní ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 láìsí owó ìtanràn dípò. Ẹ kọ̀wé sí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jìbìtì owó, ẹ so èsì réjísírì àti máàpù mọ́ ọn. Ẹ̀sùn tí kò ní èsì wọ̀nyí lọ́wọ́ máa ń sùn sórí tábìlì.

Ẹ má gbé orúkọ wọn lọ sórí Facebook pé “olè ni wọ́n”. Ẹjọ́ bíba-orúkọ-jẹ́ àti Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ á sì fi í yí ojú ẹjọ́ kúrò lórí díìdì.

Ọjọ́ tí díìdì bá dé

Ẹ ṣí i wò níwájú lọ́yà kí ẹ tó buwọ́ lùwé pé ẹ ti gbà á. Orúkọ yín gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ yín mu. Nọ́ńbà ọ̀pá inú díìdì gbọ́dọ̀ bá ti sọ́fè mu. Ìfọwọ́sí gómìnà, tàbí ti ẹni tó yàn, gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Òǹtẹ̀ sítáǹpù náà gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá òǹtẹ̀ réjísírì: ó máa ń sọ nọ́ńbà, ojú ewé àti ìwé ńlá tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sí ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí lọ́yà yín tún yẹ réjísírì wò lọ́sẹ̀ kejì láti rí i pé ohun tó wà nínú ìwé ńlá bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu, kí ó sì gba ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí. Ojúlówó lọ sí ibi ààbò, ẹ̀dà ni kí ẹ máa lò. Bí ẹ bá ti fi ìwé ìkìlọ̀ sínú fáìlì tẹ́lẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ló máa dá dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà tàbí tí ẹ bá fẹ́ fi ilẹ̀ náà yáwó.